Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Máa Lọ Sílé: Ṣé Wọ́n Bá Yín Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ ìlera la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ó kan ọjà pẹ̀lú. Ẹ ó rí i bó ṣe kàn án.

Àwọn iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọn kì í dá èèyàn dúró sùn fún. Ẹ wọlé láàárọ̀, ẹ padà sílé nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ abẹ ìpá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti kókó ara lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ojú tí ẹyin rẹ̀ di funfun náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára. Owó tó ń lọ dín kù, ẹni náà sì sùn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú tí wọn ì bá ṣe ní ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ta ló wá bọ́ sí? Ọwọ́ ìyàwó ni, ọwọ́ ọmọ ni, ọwọ́ ìyá àgbà ni. Ta ló kọ́ wọn?

Ohun tí à ń rí lọ́pọ̀ ìgbà nìyí: wọ́n á fún aláìsàn ní ìwé, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ báyìí." Ó parí. Zémì á gbé e lọ. Tó bá délé, ọmọ tó ń lọ iléèwé ni wọn á pè kó wá ka ìwé. Ọmọ lè pe ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tí dókítà ní lọ́kàn.

Èrò tiwa ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kó tó lọ, ara iṣẹ́ abẹ náà ni. Ilé ìwòsàn tí kò bá ṣe é, kò tíì parí iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ ní 2016 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, nínú èèyàn 100 tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ, bí 11 ni àrùn ń wọ ojú ọgbẹ́ wọn. Àrùn yìí kì í sì í sábà fara hàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó lè di ọjọ́ mélòó kan, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó wà nílé kò bá mọ ohun tó yẹ kó wò, ta ni yóò tètè rí i?

Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun kò gbọdọ̀ gun alùpùpù tàbí mu ọtí fún wákàtí 24, kí ẹnì kan sì sùn tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹni tó ṣe ìpá kò bá rí ìtọ̀ tọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó padà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, kó padà. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń wú, tó ń gbóná, tó ń yọ ọyún, tàbí ibà dé, kó padà, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹni tó ṣe ojú, tí ojú náà wá ń dùn ún gan-an, tí ìríran rẹ̀ ń dín kù, kó má sùn lé e. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí wọ́n sì sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sójú ọgbẹ́: ewé, eérú, epo. Kí wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ìyá àgbà tó gún ewé yẹn, ìfẹ́ ló fi gún un. Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ ra oògùn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kún èyí tí dókítà kọ.

Ibi tó ti kan ọjà wá nìyí. Wọ́n á sọ fún ẹni tó ṣe ìpá pé, "Ẹ má gbé ohun wúwo." Kí ni ohun wúwo? Lójú ẹni tó ń gbé àpò àgbàdo, garawa omi kò wúwo. Ẹ dárúkọ ẹ̀: garawa omi, igbá ẹrù, ọmọ tí à ń pọ̀n. Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò fi sinmi. Kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú iye tí pípààrọ̀ aṣọ ojú ọgbẹ́ yóò ná an. Ìpá tí kò tíì há, a lè yan ọjọ́ fún un. Ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá ẹni tí yóò bá a jókòó ti ọjà. Ẹni tí kò mọ̀, ebi ni yóò lé e padà sídìí ẹrù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè sọ pé, "Àwa ò pọ̀ tó, èrò sì kún ìta." Òótọ́ ni, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà wá pẹ̀lú ọyún, ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọn yóò fi tọ́jú ẹ̀? Tí dókítà ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lè gbọ́ ọ. Ẹ pè é. Ẹ pe ẹni tó sin aláìsàn wá náà, ẹ ní kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ padà fún yín. Ẹ kọ nọ́mbà tẹlifóònù tí ẹnì kan yóò gbé.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn dá lọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má tíì dìde. Ẹ béèrè pé: kí la ó máa wò, kí la ò gbọdọ̀ ṣe, ta la ó pè lóru? Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.