KẸ̀KẸ́ KỌ́ LÓ Ń RẸ̀ MÍ

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka wa ti gbà mí nímọ̀ràn títí. Wọ́n ní ìyá ọlọ́mọ méjì, tí àbúrò ṣì ń mu ọmú, kò yẹ kó máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere wá sí kíláàsì (kì í ṣe ti Márúwá o, èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà ni). Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ló ń mú mi tòògbé. Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò gbà.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tó wà ní nǹkan bí ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ gun òkè tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Owó tí ǹ bá fi wọ ọkọ̀ ni mo fi ń ra ẹyin fún ọmọ.

Ẹ wo àwọn bàbá wa àgbà tí wọ́n gun Raleigh lọ sóko, lọ sọ́jà. Wọ́n bímọ jù mí lọ. Kí ni wọ́n ní tí n kò ní? Oorun ni. Bí ọmọ bá ké lóru, ìyá rẹ̀ ló ń dìde.

Aago kan, ọmú. Aago mẹ́ta, eyín tó ń yọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti ń béèrè ògì. Ẹni tí kò sùn kì í tètè rí kòtò, ewu ńlá sì nìyẹn lójú títì. Nítorí náà, bí oorun mi kò bá tó wákàtí mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ kì í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Ọkọ mi sì gba òru mẹ́ta lọ́sẹ̀: yóò fi kọ́ọ̀bù fún ọmọ ní ọmú tí mo ti fún sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun kò rí irú èyí rí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Ọkọ mi ṣì ń dìde.

Ẹni tí àánú mi bá ń ṣe, kó má ní kí n ta kẹ̀kẹ́. Kó bi ọkọ tó bá wà nítòsí rẹ̀ léèrè bóyá ó dìde lánàá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, bí ẹ bá fẹ́ sún kíláàsì sí aago méje àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa kí alẹ́ tó lẹ́, kí a lè mọ ẹni tí òru kàn.