Kí Owó Ilé Má Di Ìdènà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbikíbi, ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, pàápàá jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó oṣù mì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n fi Peckham ṣe ibùgbé mọ èyí dájú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ bí ìjọba ibẹ̀ ti ń ran tálákà lọ́wọ́ láti san owó ilé, àti ibi tí ètò náà ti mẹ́hẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Housing Benefit ni orúkọ ìrànlọ́wọ́ náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2012 ni ó dá Universal Credit sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tí ó sì pa owó oúnjẹ àti owó ilé pọ̀ sójú kan. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, nínú £1 tí òṣìṣẹ́ bá mú wálé, ìjọba a máa yọ pẹ́nì 65 kúrò nínú ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 63 ní 2017, ó sì di 55 ní ìparí 2021. A yìn wọ́n fún èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ìyá ọlọ́mọ méjì kan tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí ìjọba ń fojú fò, tí ó sì ti ń san owó orí. Bí ó bá ṣiṣẹ́ £100 sí i, owó orí yóò mú £20, owó adójútòfò ti ìjọba yóò mú £8. Nítorí £72 tí ó kù, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò dín ní £39.60. £32.40 péré ni èrè òógùn rẹ̀, nínú rẹ̀ ni yóò sì ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Àléébù méjì mìíràn tún wà. Èkíní, ìwọ̀n owó tí ìjọba ń fojú fò kéré fún ẹni tí ń gba ìrànlọ́wọ́ owó ilé ju ẹni tí kò gbà á lọ. Àpọ́n tí ara rẹ̀ le, tí kò lọ́mọ, kò sì ní ìkankan. Èkejì, lábẹ́ ètò àtijọ́, ẹni tí ó ti pẹ́ láìníṣẹ́ a máa gba owó ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i nígbà tí ó bá ríṣẹ́. Ètò tuntun kò ní irú èyí.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó bá ti ríṣẹ́, kí ó san owó ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí owó àwọn tí ń san owó orí ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò di ẹni tí ń san owó orí. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹrù rẹ̀ yóò tún padà sórí ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé owó ọ̀fẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ń bá lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òfin ìwọ̀lú kò gbà láyè láti tọrọ ìrànlọ́wọ́ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń san owó orí.

Ohun tí a fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n dá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà padà, kí wọ́n má fi owó ilé dín ohun tí a ń fojú fò kù, kí àpọ́n náà sì ní tirẹ̀, kí wọ́n sì tún rẹ pẹ́nì 55 náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ń gbìyànjú àtidìde, ẹ má ṣe já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ranlẹ̀.