Ọdún Àìrajà Kì í Ṣe Ọdún Àìlódòdó

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àwọn ọmọ mi pé títí ọdún yóò fi parí, oúnjẹ, oògùn, owó ilé-ìwé, owó ọkọ̀, owó iná àti ọrẹ ìjọ nìkan ni n ó máa náwó lé. Mo rò pé aṣọ ni yóò dán mi wò jù. Òdòdó ni.

Bí mo bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sílé ní Odode, ní Ìdànrè, mo máa ń rí àwọn olódòdó tí wọ́n to ọjà wọn sétí títì nínú láílọ́ọ̀nù dúdú: ixora pupa, croton aláràbarà, hibiscus. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo bá wọn dúró. Ọmọkùnrin tó ń tà á kí mi dáadáa: “Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ́mì. Ẹ mú méjì, màá dín owó rẹ̀ fún yín. Ó ti tanná, ẹ kàn máa gbìn ín ni.” Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí n tó rántí ẹ̀jẹ́ mi. Mo ní, “Má bínú, ọmọ mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn délé. “Ó ti tanná” ló fẹ́ mú mi. Oṣù tí ẹlòmíràn fi bomi rin ín, tó fi ṣọ́ ọ, tó fi dúró dè é, ni mo fẹ́ fi owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó kan kì í dá wá. Yóò béèrè ìkòkò, yóò béèrè ajílẹ̀, yóò béèrè ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà yóò béèrè èkejì tí yóò dúró sí òdìkejì ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yìí. Michelle McGagh, akọ̀ròyìn tó máa ń kọ nípa ọ̀rọ̀ owó ní Lọ́ńdọ̀nù, lo odidi ọdún kan láìra ohunkóhun yàtọ̀ sí oúnjẹ àti àwọn owó ọ̀ranyàn ilé. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 2017. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló wà nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ láìjẹ́jẹ̀ẹ́ rárá. Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá wí. Àwa tí ọwọ́ wa ṣì ń tó nǹkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ owó ná yìí yé ará Ìdànrè ju ẹlòmíràn lọ, nítorí owó kòkó la fi ń kọ́lé, òun la fi ń rán ọmọ níléèwé. Ní 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ti fi owó ọdún kan díwọ̀n gbogbo ọdún ló ń dárò. Igi kòkó fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ wa. Ara igi gan-an ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, wẹ́wẹ́, lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sábà ju márùn-ún lọ tó ń di èso. Ìyókù á rẹ̀ dànù. Igi náà kò gbìyànjú láti gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣé kí ojúde mi wá wà lásán ni? Rárá. Mo lọ kí ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, mo tọrọ. Wọ́n gé ọ̀pá pèrègún fún mi, wọ́n gé croton, wọ́n sì bu èso tannápowó dúdú sí mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi kí n já ewé ìsàlẹ̀ dànù, kí n ri igi náà bọ ilẹ̀ tútù lábẹ́ ìbòòji, kí n má sì máa fà á tu láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. A jókòó, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láìwọlé.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ọmọkùnrin olódòdó yóò jẹ. Ìbéèrè gidi ni. Iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe, n kò sì gbàgbé àdéhùn mi pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí mo bá ní ló tọ́ sí i. Owó iléèwé ọmọ mi kọ́, gbèsè kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, tannápowó àkọ́kọ́ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi. Kì í ṣe òun nìkan ni mo ti dúró wò rí, àmọ́ n kò rántí ìgbà tí mo dúró wo òdòdó tí mo rà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ lọ kí aládùúgbò yín.