Sátẹ́láìtì Ń Wọn Ooru, Èèyàn Ló Ń Ṣírò Rẹ̀

Ẹ ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ayé kò gbóná sí i rárá, pé sátẹ́láìtì ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn.

Láti ìparí ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ti ń wọn ooru afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká. Wọn kò so tẹmómítà mọ́ ọn o. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń tú ìtànṣán kan jáde tí ojú wa kò lè rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni ìtànṣán náà ṣe ń lágbára tó. Èyí ni ẹ̀rọ ń gbà, kí àwọn onímọ̀ tó ṣírò rẹ̀ di ìwọ̀n ooru.

Ní 1990, John Christy àti Roy Spencer, ní Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama, gbé èsì jáde pé àwọn kò rí i kí afẹ́fẹ́ òkè máa móoru láti 1979 sí 1988. Ìṣirò kọ̀ǹpútà sì ti sọ pé ó yẹ kó móoru. Inú àwọn tó ń tako òfin lórí èéfín epo àti èédú dùn.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í dúró sójú kan. Èyí tó yẹ kó kọjá lórí ìlú kan lọ́sàn-án a máa pẹ́ sí i lọ́dọọdún, títí yóò fi máa kọjá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá èlùbọ́ mọ̀ pé oòrùn aago méjì kì í ṣe ti aago mẹ́fà. Àwọn ará Alabama mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe àtúnṣe, àmọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti fi kún un ni wọ́n ti yọ kúrò. Carl Mears àti Frank Wentz ní California ló rí i ní 2005. Christy àti Spencer gbà, wọ́n sì tún èsì wọn ṣe lọ́dún náà. (Christy ti ṣe olùkọ́ míṣọ́nnárì ní Kẹ́ńyà rí, a kò rí ìdí láti pè é ní òpùrọ́.) Lónìí, àkọsílẹ̀ tiwọn gan-an fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 0.15 Sẹ́síọ́ọ̀sì móoru ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ti California ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àríyànjiyàn kò tíì tán. Ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀pọ̀ ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣì ń yára ju ohun tí sátẹ́láìtì rí lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe yára tó ni wọ́n ń jà lé lórí. Pé ó ń gbóná kò sí nínú ìjà náà mọ́. Ọdún 15 ni èsì àkọ́kọ́ yẹn fi jẹ́ àwíjàre fún àwọn tó ń jó èédú, àgbẹ̀ tí kò ní mọ́tò kankan sì wà lára àwọn tí yóò san gbèsè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé èsì sátẹ́láìtì wá fún yín, ẹ bi í bóyá èyí tó ṣáájú 2005 ni, tàbí èyí tó tẹ̀lé e.