Ta Ni Yóò Gba Ìkànnì Ilé Ẹ̀kọ́ Wa Lálejò?

Lóde òní, kò sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò fẹ́ ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Monrovia níhìn-ín, tí ẹ ti onírúurú orílẹ̀-èdè wá, ẹ̀yin ni wọn yóò pè sí ìgbìmọ̀ lọ́la láti yan ilé-iṣẹ́ tí yóò gba irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lálejò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ti gbà pé olùkọ́ mọ ohun gbogbo. Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé, "Èló ni lọ́dún?" Lójú tèmi, kò yẹ kí ìbéèrè yìí ṣáájú rárá.

Ìkànnì tí kò ní ju ìtàn ilé ẹ̀kọ́ àti àwòrán ọ̀gá àgbà lọ dàbí pátákó ẹnu ọ̀nà. Ibi gbogbo ni a lè gbé e kọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá ti ibẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tí olùkọ́ yóò sì kọ máàkì síbẹ̀, a nílò nǹkan méjì: èdè kọ̀ǹpútà tí ń gba àṣẹ tí ó sì ń dáhùn, bíi PHP, Perl tàbí Python, àti àká ìsọfúnni tí ń to àkọsílẹ̀ jọ lẹ́sẹẹsẹ, bíi MySQL tàbí PostgreSQL. Olùgbàlejò tí kò ní méjèèjì kò wúlò fún wa, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Èdè kan náà kọ́ sì ni gbogbo iṣẹ́ ń lò. Moodle, tí Martin Dougiamas ará Ọsirélíà gbé jáde ní 2002 fún ìkọ́ni, PHP ni a fi kọ ọ́. Koha, ètò ilé ìkàwé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní New Zealand ní ọdún 2000, Perl ni tirẹ̀. Àyè olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń pín kì í sábà lè gbé e. Ẹni tí ó bá san owó ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kí ó tó mọ èyí ti ra bàtà láìwọn ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ orí èdè náà pẹ̀lú. Àwọn tí ó ṣe PHP 7.4 ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2022. Olùgbàlejò tí ó bá ṣì ń fi í lọ̀ yín ń fi ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà háyà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ká mi lára jù. Ilẹ̀ Làìbéríà yìí ni Momolu Duwalu Bukele ti ṣẹ̀dá ìlànà ìkọ̀wé Vai ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, lẹ́tà rẹ̀ sì wọ inú Unicode ní 2008. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni MySQL fi ń lo latin1 bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún un, ìlànà tí a ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Nínú rẹ̀, é àti è ti àwọn ará Guinea tí ń kọ Faransé ní àyè. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò ní. Ọmọ tí ń jẹ́ Ṣọlá lè di "??lá" níbẹ̀, orúkọ tí a fi Vai kọ yóò sì di kìkì àmì ìbéèrè. Ní 2018 ni MySQL 8.0 fi utf8mb4, tí ó gba gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àká àtijọ́ ṣì wà káàkiri. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tọrọ àyè ìdánwò, kí ẹ kọ orúkọ ara yín síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì pè é padà wò.

Àwọn kan yóò ní kí á ra kọ̀ǹpútà tiwa, kí á gbé e sínú ọgbà. Èrò tí ó lọ́lá ni, ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Ibùdó iná Mount Coffee lórí odò St. Paul bàjẹ́ nínú ogun ní 1990, oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, odò náà sì máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi fara mọ́ ọn pé kí á yá àyè lẹ́yìn odi. Síbẹ̀, okùn abẹ́ òkun ni a fi ń dé ibẹ̀. Okùn ACE gúnlẹ̀ sí Monrovia ní 2011. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, òun àti mẹ́ta mìíràn já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú níhìn-ín, ní Accra, ní Kútọnu àti ní Èkó.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé, olùgbàlejò tí kò bá gbà kí á fi ọwọ́ ara wa kó ẹ̀dà àká wa jáde, ẹ má bá a dá òwò pọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí á máa kó ẹ̀dà náà wálé sórí dísìkì. Ìlú tí ogun jà láti 1989 dé 2003, tí a kó Yunifásítì rẹ̀ lẹ́rù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ó ti rí nígbà tí ènìyàn kàwé tán tí kò sí àkọsílẹ̀ kan tí yóò jẹ́rìí sí i. Orúkọ ìkànnì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ńkọ́? Ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ni kí wọ́n wà, ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n má ṣe wà lápò ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa ṣe é, tí yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lóṣù keje, tí yóò sì padà sí Freetown tàbí Ìbàdàn.