Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọdé Kọ Ìtàn Tiwọn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo ìwé àròkọ àwọn ọmọ wa: ohun tí a kọ sójú pátákó ni gbogbo wọn dà kọ. Ṣùgbọ́n bí agogo ìsinmi bá ti lù, ẹ tẹ́tí sí wọn lábẹ́ igi. Ọ̀kan ń pa àlọ́, èkejì ń fi kún un, ẹ̀kẹta ní kò rí bẹ́ẹ̀!

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí pẹ́ńsùlù bá wọn. Kí wọ́n jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á fún ara wọn, ọmọ Haúsá ní èdè Haúsá, ọmọ Yorùbá ní Yorùbá. Kí yíǹkì pupa wa má ṣe débẹ̀. Ọmọ tí a bá fi í bo ojú ewé rẹ̀, ìlà méjì péré ni yóò kọ lọ́jọ́ mìíràn, èyí tí ó dá a lójú pé kò ní àṣìṣe. (Àwa àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.)

Àwọn kan yóò wí pé eré lásán ni, pé kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ni Abubakar Imam ní Katsina nígbà tí ó kọ Ruwan Bagaja fún ìdíje ọdún 1933. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà pẹ̀lú nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938.

Wákàtí kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń lọ fi iṣẹ́ kọ́ra.