Irọ́ ni o, ẹja kì í "mọ ìwọ̀n tànkì"

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa àti gbogbo Ìkálẹ̀ tẹ́ ẹ ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé, ẹ wá gbọ́. Inú ń bí mi.

Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹja máa ń wo bí ilé ẹ̀ ṣe tó kó tó dàgbà? Àwọn "coach" ń tà á fún wa bí ẹni ń ta gààrí: "Tànkì rẹ kéré? Kò séwu, ẹja á bá a mu." Ṣé aṣọ tí télọ̀ ń gé ni ẹja ni?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ẹja ń jẹ, ó ń ṣu, ara ẹ̀ sì ń tú ammonia sómi láti ibi tó fi ń mí. Nínú odò, omi ń ṣàn, á gbé e lọ. Nínú tànkì ńkọ́? Inú ìdọ̀tí yẹn náà lẹja á máa gbé. Kò ní jẹun dáadáa mọ́. Ó dúró sójú kan nìyẹn.

Goldfish inú abọ́ gíláàsì tẹ́ ẹ rò pé bó ṣe kéré nìyẹn, tó bá bọ́ sí adágún ńlá, ó lè gùn ju 30 cm lọ.

Àrọ̀ tiwa ló tún ń tan èèyàn jẹ jù, torí ó máa ń yọjú gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Kì í tètè kú. Ẹ á ní "ṣebí wọ́n wà láàyè". Wíwà láàyè yàtọ̀ sí dídàgbà o!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tànkì 1,000 lítà, wọ́n ní kẹ́ ẹ kó ọmọ ẹja 300 sí i. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá máa tó kílò kan, kílò 300 ẹja nínú omi kílò 1,000 nìyẹn. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbà yíra padà? Ìyá kan ládùúgbò wa kó owó ìfẹ̀yìntì sí irú ẹ̀. Oṣù kẹfà pé, ẹja ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Wọ́n ní ayé ló ń bá wọn jà. Ayé wo? Omi tó ń rùn ni!

Ẹnì kan á ní òun mọ ẹni tó kó ẹja púpọ̀ sí tànkì kékeré tó sì jèrè. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ bi í: omi ń wọlé, omi ń jáde lójoojúmọ́, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Coach yín ò fi ìyẹn sínú fídíò.

Ẹ pààrọ̀ omi kó tó rùn, àmọ́ ẹ má da gbogbo ẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣa àwọn tó ti tóbi sọ́tọ̀, torí àrọ̀ ńlá ń gbé kékeré mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tànkì, ẹ kọ iye ẹja tó lè gbé dé kílò kan sára ẹ̀, kì í ṣe iye ọmọ ẹja tó lè gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.